Bí A Ṣe Ń Kẹ́kọ̀ọ́ Tíọ́rì Ìdàgbàsókè Ìwà àti Ìbágbépọ̀ Ọmọdé: Ìmọ̀ràn fún Akẹ́kọ̀ọ́ Olùkọ́ ní Ọ̀yọ́

Ẹni tí ó bá ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀yọ́, ìlú tí St Andrew's College ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ àwọn olùkọ́ ní 1896, kò lè ṣàì pàdé orúkọ àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n gbé tíọ́rì, ìyẹn àlàyé ìjìnlẹ̀ lórí bí ọmọdé ṣe ń dàgbà, kalẹ̀, kí ó tó gba ìwé-ẹ̀rí: Piaget, Kohlberg, Erikson, Vygotsky, Bandura. Bí àsìkò ìdánwò bá ti sún mọ́lé, ẹ ó máa gbọ́ ohùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ igi àti ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí wọ́n ń gbé, tí wọ́n ń ka ìpele ìdàgbàsókè ìwà, láti ìkíní títí dé ìkẹfà, bí ẹni ń ki oríkì. Púpọ̀ nínú wọn a máa yege. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú ọmọ ọdún méje kan tí ó purọ́ fún ìyá rẹ̀ wá síwájú wọn, tí ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀kan nínú àwọn tíọ́rì náà ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ a di wò-mí-n-wò-ọ́.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe ti ibi ìpele bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni ìbéèrè tí onímọ̀ kọ̀ọ̀kan bi àwọn ọmọ tí ó ṣèwádìí lé lórí. Kò sí èyí tí ó já bọ́ láti ojú ọ̀run nínú àwọn tíọ́rì wọ̀nyí. Ẹnì kan ló jókòó ti àwọn ọmọ kan ní ìlú kan, ní ọdún kan, ó bi wọ́n ní nǹkan, ó sì ní òṣùwọ̀n tí ó fi wọn ohun tí wọ́n fi dá a lóhùn. Ẹ ra ìwé ajákọ kan tí ẹ kò ní lò fún nǹkan mìíràn, kí ẹ sì ya ojú-ewé méjì tí ó kọjú síra sọ́tọ̀ fún onímọ̀ kọ̀ọ̀kan. Apá òsì ni kí ẹ kọ ìbéèrè náà sí, àti irú àwọn ọmọ tí wọ́n bi, iye wọn, ọjọ́-orí wọn, àti bí wọ́n ṣe wọn ìdáhùn. Ẹ fi apá ọ̀tún sílẹ̀ ní òfìfo fún ohun tí ẹ̀yin fúnra yín bá rí láàárín àwọn ọmọ tí ó yí yín ká, àti fún àríwísí àwọn onímọ̀ mìíràn. Apá ọ̀tún yìí kì í tètè kún, kò sì sí aburú níbẹ̀.

Piaget ni kí ẹ fi ṣáájú, nítorí pé ọ̀nà tí ó gbà ṣiṣẹ́ ni ó rọrùn jù lọ láti tún ṣe. Ọmọ Switzerland ni. Wọ́n bí i ní 1896, ó sì kú ní 1980. Ìwé tí ó kọ nípa bí ọmọdé ṣe ń dá ẹjọ́ ohun tí ó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ jáde ní 1932. Ó lọ bá àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń ta bọ́ọ̀lù dígí wẹ́wẹ́ nílẹ̀, ó ṣe bí ẹni tí kò mọ eré náà rárá, ó ní kí wọ́n kọ́ òun. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ tán, ó wá bi wọ́n bóyá wọ́n lè dá òfin tuntun fún eré náà, bóyá eré gidi ni yóò jẹ́ bí wọ́n bá lo òfin tuntun yẹn, àti ibi tí òfin ti kọ́kọ́ wá. Àwọn kéékèèké sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tàbí ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ó ti wá, pé kò ṣe é yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn fúnra wọn kì í pa á mọ́ bí wọ́n bá ń ta. Àwọn tí ó ti tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá sókè sọ pé àdéhùn ni òfin, pé bí gbogbo àwọn tí ń ṣeré bá fohùn ṣọ̀kan, wọ́n lè tún un ṣe. Láti ibẹ̀ ni Piaget ti ya ìwà tí ó ń wo ojú àgbà sọ́tọ̀ kúrò lára ìwà tí ó ń ti inú àdéhùn ẹgbẹ́ jáde. Heteronomous àti autonomous ni ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè wọ́n. Bí ẹ bá ti mọ ìbéèrè tí ó bí wọn, ẹ kò tún ní fi ọ̀kan pe èkejì.

Ẹ lè ṣe irú èyí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tàbí ní Awẹ́, níbikíbi tí àwọn ọmọ bá ti ń ta òkòtó tàbí tí wọ́n ti ń fo súwè. Ẹ wá ọmọ bí ọdún mẹ́fà kan àti ọmọ bí ọdún mọ́kànlá kan, kí ẹ sì bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ọ̀kan má baà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èkejì. Ohun tí wọ́n bá sọ ni kí ẹ kọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, láìtún èdè wọn ṣe. Ọmọdébìnrin kan tí kò tíì wọ kíláàsì kejì sọ fún mi pé bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ ìlà nínú súwè, ẹni náà ti kú nìyẹn, àti pé ìyá àgbà òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo bi í bóyá a lè jẹ́ kí ẹni tí ó tẹ ìlà tún fò lẹ́ẹ̀kan sí i bí gbogbo wọn bá gbà. Ó ní rárá o, ojúṣàájú nìyẹn, ìyá àgbà á bínú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní a lè yí i, "ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ó ń pàdánù lọ́wọ́ ni yóò dá a lábàá." Ọmọ yìí mọ̀ pé òfin ṣe é yí, ó sì tún mọ̀ pé ó yẹ kí a wo ẹni tí ìyípadà náà yóò ṣe láǹfààní kí a tó fọwọ́ sí i. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ gbé lọ sínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ìṣòro kan wà nínú ọ̀nà yìí tí àwọn ìwé tí a ń kà kì í sábà mẹ́nu bà. Nílẹ̀ wa, àgbàlagbà kì í díbọ́n pé òun kò mọ ohun tí ọmọdé mọ̀. Bí àgbà bá bi ọmọ ní ohun tí ìdáhùn rẹ̀ hàn gbangba, ohun tí ọmọ náà yóò kọ́kọ́ rò ni pé òun ti ṣẹ̀, tàbí pé wọ́n ń dán òun wò. Yóò sì máa wá ọ̀rọ̀ tí yóò tẹ́ àgbà náà lọ́rùn. Ẹ lè gbọ́ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kí ẹ sì yára kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà kò tíì kúrò níbi ìbẹ̀rù àgbà, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fi kọ́ ọ ni ó ń hù. Ọ̀nà méjì ni mo rí i pé ó sàn. Ẹ lè jẹ́ kí ọmọ tí ó fi díẹ̀ jù ú lọ bi í ní ìbéèrè náà nígbà tí ẹ̀yin jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí ẹ dúró de ìgbà tí aáwọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ nínú eré, kí ẹ wá tẹ́tí sí àwíjàre wọn. Ọmọ tí wọ́n rẹ́ jẹ kì í wojú ẹnikẹ́ni kí ó tó sọ òfin tí ó gbà gbọ́.

Ìtàn àwọn ife wà nínú iṣẹ́ Piaget bákan náà. Wọ́n pe ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ John pé kí ó wá jẹun. Ó ti ilẹ̀kùn, kò mọ̀ pé àga kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n gbé ife 15 lé, gbogbo ife náà sì fọ́. Ọmọ kejì, Henry, ń gun nǹkan láti jí jáàmù mú nígbà tí ìyá rẹ̀ kò sí nílé, ife kan ṣoṣo sì bọ́, ó fọ́. Ta ni ó ṣe ohun tí ó burú jù? Àwọn ọmọ kéékèèké a máa dárúkọ John, nítorí ife 15. Àwọn àgbà wọn a dárúkọ Henry, nítorí ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ ọ́ fún ọmọ tiwa, ẹ lè sọ jáàmù di ẹran inú ìkòkò ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fọwọ́ kan iye ife, nítorí pé inú iye yẹn ni ìdánwò náà wà. Ní apá ọ̀tún ìwé yín, ẹ kọ àríwísí yìí: ìtàn náà ní kí ọmọ fi èrò ọkàn wé àdánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èrò ọkàn sì ṣòro fún ọmọ kékeré láti rántí nígbà tí ariwo ife fífọ́ bá ti gba etí rẹ̀. Ní 1980, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Nelson fi àwòrán mú kí èrò ọkàn ẹni inú ìtàn hàn kedere sí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta, ó sì rí i pé àwọn náà ń rò ó mọ́ ẹjọ́ tí wọ́n ń dá.

Kohlberg ni ìbéèrè ìdánwò máa ń dá lé jù, òun náà sì ni wọ́n ń ṣì lò jù. Ní 1958 ni ó parí iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Chicago, lẹ́yìn tí ó fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọkùnrin 72 lẹ́nu wò, àwọn ọmọ ọdún 10, 13 àti 16. Ìtàn tí kò ní ọ̀nà àbáyọ tí ó rọrùn ni ó ń sọ fún wọn. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni ti Heinz, tí àrùn jẹjẹrẹ fẹ́ pa ìyàwó rẹ̀. Apoògùn kan nínú ìlú wọn ní oògùn tí ó lè wò ó sàn. Dọ́là 200 ni ó ná an, dọ́là 2,000 ni ó sì ń ta ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀. Heinz yá owó lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó mọ̀, kò rí ju bí dọ́là 1,000 lọ. Ó bẹ apoògùn náà pé kí ó dín owó rẹ̀ tàbí kí ó jẹ́ kí òun san ìyókù tó bá yá, apoògùn kọ̀. Heinz wá fọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó jí oògùn. Ṣé ó yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀?

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú nìyí: wọ́n rò pé ẹni tí ó bá ní kí ó jí i ti ga ju ẹni tí ó ní kí ó má jí i lọ, tàbí òdì kejì rẹ̀. Kohlberg kò wo bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdí tí ènìyàn mú wá ni ó wọ̀n. Nítorí náà, bí ẹ bá ti gba ìdáhùn lẹ́nu ẹnì kan, ẹ fi ìka bo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀, kí ẹ ka ìyókù. "Ọlọ́pàá yóò gbé e" jẹ́ ìpele kìíní, torí pé ìyà nìkan ni ó wà níbẹ̀. "Bí aya rẹ̀ bá kú, ta ni yóò máa dáná fún un?" jẹ́ ìpele kejì, níbi tí oníkálukú ti ń wo èrè tirẹ̀. "Kí ni àwọn àna rẹ̀ yóò máa wí?" jẹ́ ìkẹta, torí pé ojú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni ó ń wò. "Bí gbogbo ẹni tí ó ní aláìsàn nílé bá ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù, ta ni yóò tún ṣí ṣọ́ọ̀bù?" jẹ́ ìkẹrin, ọ̀rọ̀ ìlú àti òfin ti wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé òfin wà láti dáàbò bo ènìyàn, pé èyí tí ó bá ń fi ohun ìní ṣáájú ẹ̀mí yẹ ní títúnṣe lọ́nà tí gbogbo ènìyàn yóò fọwọ́ sí, ó ti wọ ìpele karùn-ún. Ìkẹfà, tí ó dúró lórí ìlànà tí ó kan gbogbo ẹ̀dá láìka òfin ibikíbi sí, ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí Kohlberg àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi yọ ọ́ kúrò nínú ìwé òṣùwọ̀n wọn nígbẹ̀yìn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ wá ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe tí ó dára jù lọ fún ìdánwò ni kí ẹ kọ ìdí méjì fún ìpele kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan tí ó ní kí Heinz jí oògùn, ọ̀kan tí ó ní kí ó má jí i. Ní ìpele kẹta, fún àpẹẹrẹ, ẹnì kan lè sọ pé ọkọ rere kì í wo aya rẹ̀ níran títí yóò fi kú, ẹlòmíràn lè sọ pé orúkọ olè yóò lẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ títí láé. Ẹsẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì dúró lé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ jọ ń kàwé da àwọn ìdí náà pọ̀ mọ́ra wọn, kí ẹ wá tò wọ́n padà. Ìpele kẹta àti ìkẹrin ni yóò fún yín ní wàhálà jù.

Bí ẹ bá gbé ìtàn Heinz lọ bá àgbàlagbà kan tí ó jókòó sí iwájú ilé rẹ̀ nítòsí Akẹ̀sán, ó ṣeé ṣe kí ó má sọ pé kí ó jí i tàbí kí ó má jí i. Yóò bi yín ní ìbéèrè. Níbo ni àwọn ẹbí ọkùnrin náà wà? Ṣé ó dá lọ bẹ apoògùn ni, àbí ó mú àwọn ènìyàn ńlá dání? Ta ni apoògùn náà máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu? Ta ni bàbá rẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fara balẹ̀ yóò kọ ọ́ pé bàbá yìí kò dáhùn, tàbí pé ìpele kẹta ni ó wà nítorí pé ó ń dárúkọ ẹbí. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá náà ń sọ ni pé ìtàn yẹn ti ti ilẹ̀kùn tí ènìyàn gidi máa ń gbà jáde nínú irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, àti pé kò sí ẹjọ́ tí a lè dá láìjẹ́ pé a mọ àwọn tí ó wà láyìíká ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ìrònú tí ó jinlẹ̀ ni. Òṣùwọ̀n ni kò ní àyè fún un.

Àwọn onímọ̀ ti rí èyí ṣáájú wa. Ní 1985, John Snarey kó ìwádìí 45 jọ láti orílẹ̀-èdè 27, ó sì rí i pé ìpele kìíní dé ìkẹrin wọ́pọ̀ káàkiri, ṣùgbọ́n pé ìkarùn-ún kò fi bẹ́ẹ̀ hàn ní àwọn abúlé àti ní àwùjọ tí ń gbé ìgbé ayé àjọṣe. Ó sì sọ pé òṣùwọ̀n Kohlberg lè máa pàdánù àwọn èrò kan tí ó níyì ní irú àwùjọ bẹ́ẹ̀. Bame Nsamenang, ọmọ Kamẹrúùnù, kọ̀wé ní 1992 pé ojúṣe tí àwùjọ ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́ bí ó ti ń dàgbà ni ó yẹ kí a fi tẹ̀ lé ìdàgbàsókè rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Ẹ kọ àwọn méjèèjì sí apá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n mo rọ̀ yín, ẹ má ṣe kọ ọ́ nínú ìdánwò pé "Yorùbá ní ọmọlúàbí, nítorí náà irọ́ ni Kohlberg pa." Àwọn olùkọ́ ti ka gbólóhùn yẹn títí ó ti sú wọn. Ẹ sọ irú ìdí tí ó jẹ yọ, ìpele tí òṣùwọ̀n fi í sí, àti ohun tí ó bọ́ sọnù nígbà tí wọ́n fi í síbẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi èrò Yorùbá ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn, ohun tí Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́, kọ ní 1975 lórí ìwà pẹ̀lẹ́ nínú ẹsẹ Ifá yóò wúlò fún yín ju ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ.

Carol Gilligan bá Kohlberg ṣiṣẹ́ ní Harvard, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1982. Ẹ padà sí apá òsì ìwé ajákọ yín, ẹ ó rí ohun tí ó tọ́ka sí: ọmọkùnrin ni gbogbo àwọn 72 náà. Ó ní ohùn mìíràn wà nínú ọ̀rọ̀ ìwà, èyí tí ń bèèrè ẹni tí yóò fara pa àti ẹni tí ó yẹ kí a tọ́jú, dípò ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́. Kókó yìí lágbára. Èyí tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ ni kí a sọ pé ti obìnrin ni ohùn kan, ti ọkùnrin ni èkejì. Ní 2000, Jaffee àti Hyde kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí láàárín ọkùnrin àti obìnrin kéré.

Elliot Turiel ni mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ni, bóyá torí pé ìbéèrè rẹ̀ kúrú. Nínú ìwé tí ó kọ ní 1983, ó ya ọ̀rọ̀ ìwà sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ àṣà, ọ̀nà tí a sì ń gbà mọ ìyàtọ̀ wọn ni kí a bi ọmọ pé: bí kò bá sí òfin tí ó kà á léèwọ̀, ṣé ó dára? Bí olùkọ́ bá ní kò sí òfin lórí lílu ọmọ kíláàsì ẹni, ọmọ kékeré pàápàá yóò sọ pé kò dára síbẹ̀. Bí olùkọ́ bá sì ní kí wọ́n máa wọ aṣọ ilé wá sí kíláàsì, yóò ní kò burú. Wàyí o, ẹ bi ọmọ Ọ̀yọ́ nípa fífi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ẹ bi í nípa ọmọkùnrin tí kò dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀, bí bàbá náà bá tilẹ̀ ní kí ó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Àwọn kan yóò ní ó dára bẹ́ẹ̀ tí bàbá bá ti gbà. Àwọn mìíràn yóò ní kò dára rárá, ẹnikẹ́ni ì báà gbà. Richard Shweder àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí irú èyí ní Bhubaneswar ní Íńdíà, wọ́n sì kọ ọ́ ní 1987 pé ọ̀pọ̀ ohun tí ará Amẹ́ríkà ń pè ní àṣà lásán ni àwọn tibẹ̀ kà sí ọ̀rọ̀ ìwà gan-an. Ẹ má yára yanjú àríyànjiyàn yìí. Ẹ kó ìdáhùn jọ ná.

Bandura yàtọ̀ sí gbogbo àwọn tí mo ti dárúkọ, nítorí pé kò bi ọmọ ní ohunkóhun. Ó wò ó ni. Ọmọ Kánádà ni, ṣùgbọ́n Yunifásítì Stanford ni ó ti ṣiṣẹ́. Ní 1961, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ lo àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi 72: àwọn 24 rí àgbàlagbà tí ń lu bèbí rọ́bà ńlá kan, àwọn 24 rí àgbàlagbà tí ó ń ṣeré tirẹ̀ jẹ́jẹ́, àwọn 24 kò rí ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ó rí lílù náà lu bèbí ju àwọn ìyókù lọ, wọ́n tún ń sọ ọ̀rọ̀ tí àgbà náà sọ. Èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé ni ìwádìí 1965. Nínú rẹ̀, àwọn ọmọ tí ó rí i pé wọ́n bá alùbèbí náà wí kò fara wé e púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn fún wọn bí wọ́n bá lè ṣe ohun tí wọ́n rí, wọ́n ṣe é bí àwọn yòókù. Wọ́n ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n kàn ń pa á mọ́ra ni. Olùkọ́ tí ó rò pé ọmọ kò kọ́ ìwà burúkú nítorí pé kò tíì hù ú níwájú òun, kí ó tún ìwádìí yìí kà.

Ọdún kan náà ni wọ́n bí Vygotsky àti Piaget, 1896, ṣùgbọ́n ará Rọ́ṣíà yìí ti kú ní 1934. Ohun tí ó ń bèèrè ni ohun tí ọmọ lè ṣe bí ẹni tí ó mọ̀ jù ú lọ bá ràn án lọ́wọ́, kì í ṣe ohun tí ó lè dá ṣe nìkan. Àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì ni wọ́n ń pè ní zone of proximal development. Bí ẹ bá wà ní Ọ̀yọ́, ẹ kò nílò àwòrán inú ìwé láti lóye rẹ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fín igbá, kí ẹ tọrọ àyè láti jókòó tì wọ́n. Ẹ wo ohun tí ọ̀gá fi sílẹ̀ fún ọmọṣẹ́ láti ṣe, ohun tí ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà tí ó sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí ó kàn fi ọ̀bẹ hàn án láìsọ ohunkóhun. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ìwà tí ó ń bá iṣẹ́ rìn pẹ̀lú: bí wọ́n ṣe ń kí oníbàárà, bí wọ́n ṣe ń jẹ́wọ́ igbá tí ó sán. Ibẹ̀ ni ìdàgbàsókè ìbágbépọ̀ àti ti ọgbọ́n ọwọ́ ti pàdé.

Erikson kò ní pẹ́. Ìwé rẹ̀ tí ó gbé ìpele mẹ́jọ jáde wà láti 1950, láti ìgbà ọmọ ọwọ́ títí dé ọjọ́ ogbó, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní ìjàkadì tirẹ̀. Kò ní ìdánwò bíi ti Heinz. Inú ìtọ́jú àwọn aláìsàn àti ìtàn ìgbésí ayé ni ó ti rí èrò rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe mú ọjọ́-orí tí ó wà níbẹ̀ bí òfin. Bí ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀ ìfaramọ́ ìyá, ìyẹn bí ọkàn ọmọ ṣe ń so mọ́ ẹni tí ń tọ́ ọ, lábẹ́ àwọn onímọ̀ Bowlby àti Ainsworth, ẹ rántí pé Ùgáńdà ni Mary Ainsworth ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ìyá àti ọmọ nínú ilé wọn láàárín 1954 sí 1955, kí ó tó di pé ó ṣe ìdánwò rẹ̀ tí ó lókìkí ní Baltimore, níbi tí àjèjì kan ti ń dúró ti ọmọ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá jáde. Nínú agbo ilé níbi tí ọwọ́ mẹ́fà ń gbé ọmọ jó, ẹni tí a óò pè ní àjèjì sí ọmọ náà gba àròjinlẹ̀.

Kí ẹ tó jáde lọ bi ọmọ ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún wọn ní èdè tí ó yé wọn. Ẹ má ṣe kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Ọjọ́-orí rẹ̀ àti kíláàsì rẹ̀ ti tó. Bí ọmọ kò bá fẹ́ dáhùn mọ́, kí ẹ dá a dúró níbẹ̀. Ẹ má ṣe sọ fún òbí pé ọmọ wọn wà ní ìpele kékeré, nítorí pé ìbéèrè kan ṣoṣo kò lè fi ìpele ẹnikẹ́ni hàn, ìyá tí ó bá sì gbọ́ bẹ́ẹ̀ lè fi ẹgba yanjú rẹ̀.

Nígbà tí ojú-ewé yín bá ti kún díẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dán gbogbo wọn wò. Wọ́n rán ọmọkùnrin ọdún mẹ́sàn-án kan lọ ra epo ní ọjà Akẹ̀sán. Ìyá eléepo fún un ní ṣéńjì tí ó pọ̀ ju èyí tí ó yẹ lọ, ó kó o sápò, ó ra bísíkíìtì, ó fún àbúrò rẹ̀ níbẹ̀. Piaget yóò bi í bóyá ẹni tí ó ṣèèṣì gba owó púpọ̀ jẹ̀bi bí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ gba díẹ̀. Kohlberg yóò bi í nípa ìdí tí ó fi yẹ tàbí tí kò fi yẹ kí ó dá a padà. Gilligan yóò fẹ́ mọ ẹni tí yóò forí kó àdánù náà lọ́jà. Turiel yóò bi í pé bí ìyá rẹ̀ bá ní kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀ ńkọ́. Bandura kò ní bi í ní nǹkan kan. Yóò wo àbúrò náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá rán òun alára níṣẹ́. Bronfenbrenner, onímọ̀ tí ń wo gbogbo àyíká tí ọmọ ti ń dàgbà, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1979, yóò wo ilé, ilé-ẹ̀kọ́, ilé kéú tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, yóò sì bèèrè bí àjọṣe àwọn ibi wọ̀nyí ṣe rí, àti bí ọ̀wọ́n epo ṣe yí ọ̀rọ̀ owó padà nínú ilé náà láìjẹ́ pé ọmọ náà mọ̀. Ẹ kọ ìpínrọ̀ kan fún onímọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ìpínrọ̀ méjì bá jọra jù, a jẹ́ pé ẹ ti fi ìbéèrè ẹnì kan bèèrè lórúkọ ẹlòmíràn. Ẹ fa igi lé ọ̀kan, kí ẹ tún un kọ.